Bí ẹ ṣe máa fi okùn sórí ẹṣin tó ń kọ̀ ọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹṣin ní Ifẹ̀ níbí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ń háyà fún ìnáwó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yéé kó géńdé mẹ́ta jọ nítorí okùn orí lásán. Okùn orí ni mò ń wí o, èyí tó ń gba orí imú àti ẹ̀yìn etí tá a fi ń fa ẹṣin, kì í ṣe ìjánu onírin tó ń wọ ẹnu ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi agbára borí ẹ̀ lónìí, lọ́la tó bá ti fojú kan okùn ló máa gbé orí sókè réré.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá yọwọ́ lẹṣin ń kọ́ nǹkan, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá ń fà á.

Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ ṣe é, kí ọ̀kadà Lágéré tó bẹ̀rẹ̀ ariwo, inú ọgbà tó ní fẹ́ǹsì sì ni. Ẹ̀gbẹ́ orí lojú ẹṣin wà, kì í rí ọ̀gangan iwájú orí ẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀ gangan, torí náà ẹ gba ẹ̀gbẹ́ èjìká òsì wá, kẹ́ ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ má gba ẹ̀yìn o, ìtàpá ẹṣin ò mọ olówó ẹ̀.

Ẹ ká okùn náà, kẹ́ ẹ máa fi rọra ra á lọ́rùn. Tó bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ mú un kúrò kíá, kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn. Tó bá ń yí kiri, ẹ tẹ̀ lé e, ẹ má tíì mú un kúrò àfi tó bá dúró, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́: ẹṣin ju orí, wọ́n yọwọ́, ó ti mọ̀ nìyẹn pé orí jíjù ló ń ṣiṣẹ́.

Etí ló le jù. Àwọn kan ti fún un létí rí, tàbí kí eégbọn wà níbẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, tí egbò bá wà ẹ pe dókítà ẹran ná. Tí kò bá sí, ẹ fọwọ́ rọra kọjá lára etí, ẹ padà, ẹ tún kọjá, ẹ má dì í mú. Okùn tó ní ìdè bíi ti bẹ́líìtì ló dáa fún irú wọn, torí ẹ̀yìn etí lẹ ti máa dè é, kò ní gba orí etí kọjá.

Ó wá ku imú. Ẹ bu bàbà sínú abọ́, ẹ na ojú okùn sókè abọ́ náà kó fúnra ẹ̀ ki imú bọ̀ ọ́, ó jẹ díẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ tún ṣe é, ẹ má tíì dè é o! Tó bá ń ki imú bọ̀ ọ́ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì lẹ tó de ẹ̀yìn etí. Abẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kí ti imú wà, kí ìka méjì gbà á, tó bá sọ̀ sí ibi rírọ̀ kò ní jẹ́ kó mí dáadáa.

Èyí tó bá ṣì ń kọ̀, ẹ mú ẹṣin tó ti mọ̀ ọ́n wá sítòsí kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ fún un lójú ẹ̀. Ẹṣin iwájú sáà ni tẹ̀yìn ń wò sáré.

Ẹ má yí okùn mọ́ ọwọ́ o. Lálẹ́ ẹ bọ́ ọ, torí ó lè há sí ìṣó ògiri, tàbí kí pátákò ẹ̀yìn há sínú ẹ̀ níbi tó ti ń họ etí.