Bí a ṣe sọ ààtàn àdúgbò wa di ibi ìgbafẹ́ ní Kábbà

Ilẹ̀ náà tó púlọ́ọ̀tì mẹ́rin. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ibẹ̀ la ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìgbà tí ilé ń pọ̀ sí i tí àlejò sì ń wọ̀lú, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í da ìdọ̀tí síbẹ̀, títí ó fi ku ewúrẹ́ nìkan tó ń gbádùn rẹ̀.

N kò kọ́kọ́ gbé ṣọ́bìrì. Ọ̀dọ̀ Bàbá olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. “Okun o, Bàbá.” Wọ́n ní, “Okun, ọmọ mi. Ṣé ilẹ̀ lo fẹ́ rà ni?” Mo ní rárá, ibi tí àwọn fúnra wọn á ti máa ta ayò ni mo ń wá. Ẹ̀rín pa wọ́n. Òótọ́ ni pé Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kí ẹbí onílẹ̀, àdá ni wọ́n á fi kí òun náà. A kọ àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò ní kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, a sì mú ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

Mo ti ya àwòrán sórí pépà: ọ̀nà kan tó tọ́ gbọọrọ láàárín, àga lọ́tùn-ún lósì. Ó dára lójú mi gan-an. Ìyàwó mi ló ní kí n lọ jókòó síbẹ̀ ná. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan ṣoṣo tó kù, tí mò ń wo ẹsẹ̀ ènìyàn. Kò sẹ́ni tó gba ibi tí mo fa ọ̀nà mi sí. Àwọn ọmọ iléèwé àti àwọn tó ń lọ pọn omi ní bọ́háù máa ń gé e kọjá láti igun dé igun, ilẹ̀ ibẹ̀ ti le pátápátá. Lọ́sàn-án, àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sábẹ́ igi yẹn. Nírọ̀lẹ́, àwọn ìyá á mú ọmọ wá, ṣùgbọ́n ìdúró ni wọ́n máa ń wà, nítorí kò síbi ìjókòó. Mo fa pépà mi ya. Ojú ipasẹ̀ wọn gan-an la da yangí sí.

Ìdọ̀tí gbà wá ní Sátidé mẹ́ta àti típà mélòó kan. N kò ní sọ̀rọ̀ òórùn rẹ̀. Ìṣàn òjò ló le jù, torí ilẹ̀ náà dà gẹ̀ẹ́rẹ́, àgbàrá sì ti gbẹ́ ẹ. Òkúta la tò sójú ìṣàn omi kó má baà máa sáré.

Níbi igi ni mo ti ṣe òpè. Oṣù kẹwàá ni mo gbin àwọn ọ̀gbìn kéékèèké, nígbà tí òjò ti ń tán lọ. Ọyẹ́ pa ìdajì, ewúrẹ́ jẹ ìyókù. Bàbá ló là mí lójú: “Kí ni wọ́n ń gbìn sójúde ọba látijọ́? Ṣebí ọ̀dán ni.” Ẹ̀ka ọ̀dán tó ga ju ènìyàn lọ la gé, a rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò tuntun bẹ̀rẹ̀. Ó ta gbòǹgbò, ewúrẹ́ kò sì tó ewé rẹ̀. Ẹ kàn jìnnà sí ògiri bí ẹ bá ń gbìn ín, gbòǹgbò rẹ̀ kì í gbọ́ ìkìlọ̀.

Búlọ́ọ̀kù la fi mọ ìjókòó. Òótọ́ ni pé Obájánà tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì kò jìnnà sí wa, síbẹ̀ sìmẹ́ńtì náà ló gba owó wa jù. Kí a tó ṣí ibẹ̀, a ti pín iṣẹ́ gbígbá ilẹ̀ láti agboolé dé agboolé, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi èyí sílẹ̀ di ẹ̀yìn, ààtàn á padà dé.

Ọjọ́ kejì tí a ṣí i, bọ́ọ̀lù bà lé ọpọ́n ayò, ọmọ ayò fọ́n ká. A gbé ojú góólù kọjú sí ìhà bọ́háù. Bàbá ti ń béèrè ìjókòó kejì báyìí, wọ́n ní èyí tó wà níbẹ̀ kò gba àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn mọ́.