Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Kòkòrò Aláyùn Tó Ń Jẹ Róòsì

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin róòsì sẹ́yìnkùlé ní Ìlú Ọba, bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti jẹ ewé rẹ̀ tán tó ku iṣan àárín nìkan, kòkòrò aláyùn kan tí wọ́n ń pè ní Arge pagana ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni ti oògùn. Èèyàn á rí ìdin aláwọ̀ ewé tó ní àmì dúdú àti yẹ́lò lára, á ní ọmọ labalábá ni, á sáré lọ ra oògùn Bt, ìyẹn oògùn kòkòrò tí wọ́n fi bakitéríà Bacillus thuringiensis ṣe. Owó gbé nìyẹn! Ọmọ labalábá àti ọmọ àfòpiná ni Bt yẹn ń pa, kì í ran kòkòrò yìí rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó náwó. Ẹ fi mẹ́fà tó wà nítòsí orí sílẹ̀, ẹ ka àwọn kúkúrú tó rọ̀, tó tò sábẹ́ ikùn. Ti ọmọ labalábá kì í ju mẹ́wàá lọ. Ti aláyùn máa ń tó méjìlá, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹ̀ka náà, ìdí ni wọ́n máa ń gbé sókè, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má bẹ̀rù ìyá wọn. Ó tó sẹ̀ńtímítà kan, orí àti àyà rẹ̀ dúdú, ikùn rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Ìbátan agbọ́n ni lóòótọ́, àmọ́ ìbàdí rẹ̀ kò tín-ín-rín, kì í sì í ta èèyàn. Ayùn ló wà nídìí rẹ̀. Òun ló fi ń la ẹ̀ka róòsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tó ń to ẹyin síbẹ̀. Bí ẹ̀ka náà ṣe ń dàgbà ni ojú ọgbẹ́ náà ń là gbọọrọ. Ọ̀pọ̀ á pè é ní àìsàn, wọ́n á máa fín oògùn ebu sí i. Bí ẹyin bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ gé e kúrò; bí ẹyin náà bá ti pa di ìdin, gígé kò wúlò mọ́. Ìdin ni kí ẹ wá, kí ẹ fọwọ́ ṣà wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì kóra jọ sétí ewé.

Ẹ má fín oògùn kòkòrò nígbà tí òdòdó bá là, oyin ló máa kú. Ẹ má sì hú róòsì náà: èyí tó ti fìdí múlẹ̀ á tún rúwé.

Ìdin tó bá yó, inú ilẹ̀ ló ń wọ̀ lọ di àgbà, a sì máa bí tó ìran méjì láàárín ìgbà ooru sí ìgbà tí ewé ń rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tìtorí pé ẹ ti ṣà wọ́n tán lóṣù kẹfà kí ẹ wá gbàgbé. Ẹ máa yẹ ewé wò títí di oṣù kẹsàn-án.