Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ pẹja lóru ní Kainji

Ẹ̀yin ará wa l'Ábújá tí ẹ ń múra àtilọ sí adágún Kainji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run kí ẹ tó ra epo sọ́kọ̀. Bí òṣùpá bá ń ràn yòò, ẹ sún un síwájú. Iná la fi ń pe ẹja wẹ́wẹ́ lóru. Tí òṣùpá bá ti tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo omi, iná tiyín ò ní já mọ́ nǹkan kan.

Àwọn kòkòrò tíntìntín inú omi ló kọ́kọ́ ń wá síbi iná, ẹja kéékèèké á tẹ̀ lé wọn, ẹja ńlá á wá lúgọ sínú òkùnkùn lábẹ́ wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní Kánádà náà: bí adágún bá di yìnyín, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á gbé iná sẹ́bàá rẹ̀, wọ́n á máa fa ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní smelt jáde lóru.

Ẹ so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí ojú rẹ̀ kọ omi, ẹ má gbé e kiri. Ẹ ní sùúrù. Ẹ ó rí i bíi pé òjò ń kán sójú omi: ẹja kéékèèké ti dé nìyẹn. Ìwọ̀ kékeré ni kí ẹ lò.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ló ká mi lára jù. Kainji kì í ṣe omi kékeré. Lásìkò ọyẹ́, ìgbì rẹ̀ lè da ọkọ̀ dé. Bí atẹ́gùn bá ti ń le nírọ̀lẹ́, ẹ sùn sí New Bussa, ìlú tó wà nítòsí adágún náà. Gbogbo yín, ẹ wọ life jacket, títí kan ẹni tó mọ̀wẹ̀. Ẹ sì mú apẹja ibẹ̀ kan dání. Òun ló mọ ibi tí erinmi wà.