Títo ọ̀pá pùròpẹ́là Land Rover àtijọ́ lẹ́yìn tí a bá pààrọ̀ kírọ́ọ̀sì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní Land Rover Series III, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1971 sí 1985, ló ti pààrọ̀ kírọ́ọ̀sì (oríkèé onírin tó rí bí àgbélébùú) ọ̀pá pùròpẹ́là ẹ̀yìn, ìyẹn ọ̀pá tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sí áásù ẹ̀yìn, nítorí pé ọkọ̀ ń gbọ̀n, tí ọkọ̀ náà sì gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí iṣẹ́ parí. Ẹ̀bi náà kì í sábà jẹ́ ti kírọ́ọ̀sì tuntun. Wọn kò dá ọ̀pá padà sí ipò rẹ̀ ni, nítorí kírọ́ọ̀sì méjèèjì tó wà ní orí àti ìdí ọ̀pá jọ ń ṣiṣẹ́ ni: ohun tí ọ̀kan bá bà jẹ́, èkejì ni í tún un ṣe.

Bí kírọ́ọ̀sì kan ṣoṣo bá ń yí lórí igun, tí apá kan rẹ̀ sì ń yí ní ìyára kan náà láìyẹsẹ̀, apá kejì kò ní yí bẹ́ẹ̀. Yóò máa yára, yóò máa falẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bí igun náà bá jẹ́ dígírì 3, ìyàtọ̀ náà kéré débi pé ènìyàn kò lè fura sí i, ṣùgbọ́n ní dígírì 15, ìyára náà ń lọ sókè sódò ní nǹkan bí ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Kírọ́ọ̀sì kejì yóò pa ìyàtọ̀ yìí rẹ́ pátápátá bí fọ́ọ̀kì méjèèjì (irin ẹlẹ́ka méjì tó di kírọ́ọ̀sì mú) tó wà lára ọ̀pá fúnra rẹ̀ bá dúró ní ìlà kan náà, tí igun tó wà lórí sì dọ́gba pẹ̀lú èyí tó wà nídìí.

Nítorí náà, kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kankan, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kọjá ibi gbogbo tí irin méjì ti pàdé: fúláńjì iwájú (irin pẹlẹbẹ tí a fi nọ́ọ̀tì dè), fúláńjì ẹ̀yìn, àti ibi spline, ìyẹn àwọn eyín tó wọ inú ara wọn, tí ọ̀pá ti ń gùn tó sì ń kúrú. Ẹfun kò tó fún iṣẹ́ yìí, epo yóò pa á rẹ́. Ẹ sì fi igi tàbí òkúta dí àwọn táyà lójú méjèèjì, nítorí bíréèkì ọwọ́ ọkọ̀ yìí kò sí nínú táyà. Ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì ni ìlù rẹ̀ wà, ara ìlù náà gan-an ni orí ọ̀pá ẹ̀yìn sì so mọ́. Bí ẹ bá ti yọ ọ̀pá yìí, bíréèkì ọwọ́ kò ní agbára lórí táyà ẹ̀yìn mọ́, bó ti wù kí ẹ fà á tó. Mo ti rí Land Rover tó yí kúrò lórí ẹni tó ń tún un ṣe, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Sípánà 9/16 ni yóò tú àwọn nọ́ọ̀tì náà, mẹ́rin níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn.

Nígbà tí ẹ bá ń tẹ kọ́ọ̀pù béárìn tuntun (ife irin kékeré tó ń bo orí ẹsẹ̀ kírọ́ọ̀sì) wọlé, ẹ ṣọ́ àwọn abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ gidigidi. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá ṣubú sí ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀pù, kọ́ọ̀pù kò ní wọlé tán, circlip (òrùka irin tó ń dá kọ́ọ̀pù dúró) kò sì ní jókòó sínú ihò rẹ̀. Ẹni tó bá fi òòlù fipá mú un nígbà náà ti ba kírọ́ọ̀sì tuntun jẹ́. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi gíríìsì lẹ àwọn abẹ́rẹ́ mọ́ ara kọ́ọ̀pù, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀. Circlip ọ̀tún àti ti òsì gbọ́dọ̀ nípọn bákan náà, kí kírọ́ọ̀sì lè wà ní àárín gbùngbùn. Bí ó bá sún sí apá kan, ọ̀pá kò ní wà ní ìwọ̀n mọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi òòlù kan etí fọ́ọ̀kì pẹ́pẹ́, kí kọ́ọ̀pù lè padà sẹ́yìn fẹ́ẹ́ kan circlip. Ọwọ́ lásán yẹ kó lè yí kírọ́ọ̀sì náà láìsí ìfipáṣe, láìsí pé ó ń mì.

Spline ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù. Ká ní spline kan ní eyín 16, fífo eyín kan ṣoṣo ti yí fọ́ọ̀kì kan kúrò ní ìlà èkejì ní dígírì 22.5. Ẹ wá àmì ọfà méjì tí ilé iṣẹ́ sábà máa ń tẹ̀ sára ọ̀pá, kí ẹ mú wọn kọjú síra. Bí ìpáta bá ti jẹ ẹ́, ẹ tẹ́ ọ̀pá sórí tábìlì tó tẹ́jú, kí ẹ sì fi ojú wo etí fọ́ọ̀kì iwájú àti ti ẹ̀yìn bóyá wọ́n tẹ́ bákan náà.

Ó wá ku igun. Kí ẹ kọ́kọ́ wo rọ́bà tí gíábọ́ọ̀sì jókòó lé, nítorí bí ó bá ti jẹ, gbogbo ohun tí ẹ bá wọ̀n yóò ṣì yín lọ́nà. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀, ní orí kòtò mẹkáníìkì bí ó bá wà, nítorí ọkọ̀ tí a gbé kọ́ jáàkì lábẹ́ ṣáṣì kì í sọ òótọ́ nípa sípíríìnì rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n igun lé ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì, lé ara ọ̀pá, àti lé fúláńjì imú áásù (ibi tí ọ̀pá ti so mọ́ áásù). Ká ní gíábọ́ọ̀sì dà sẹ́yìn ní dígírì 3, ọ̀pá dà sẹ́yìn ní 5.5, ìlà imú áásù náà sì dà sẹ́yìn ní 3: igun iwájú jẹ́ 2.5, ti ẹ̀yìn náà jẹ́ 2.5, ó pé. Bí ti áásù bá jẹ́ 1 péré, igun ẹ̀yìn ti di 4.5, kò sì yẹ kí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kọjá dígírì 1. Sípíríìnì tuntun tó gbé ọkọ̀ sókè ló sábà máa ń fa irú èyí. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn lápá kan tó sì fẹ́lẹ́ lápá kejì ni a máa ń fi sáàárín áásù àti sípíríìnì láti tún un ṣe.

Bí ìyàtọ̀ díẹ̀ bá ṣì kù, ẹ jẹ́ kí imú áásù rẹlẹ̀ díẹ̀ dípò kó ga jù, nítorí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fà, sípíríìnì á tẹ̀, imú á sì gbé sókè. Ẹ má sì ṣe wá bí ọ̀pá yóò ṣe tọ́ ganrangandan. Láìsí igun rárá, àwọn abẹ́rẹ́ kì í yí, ojú kan náà ni wọ́n á máa gbẹ́ títí.

Ẹ wa ọkọ̀ náà wò. Ìgbọ̀nrìrì tó ń yí padà bí ẹ ṣe ń tẹ tọ́tù (ohun tí ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré) tí ẹ sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀ sábà máa ń tọ́ka sí igun. Èyí tó kàn ń le sí i bí eré ṣe ń pọ̀, tọ́tù ì báà wà nílẹ̀ tàbí kó má wà, sábà máa ń jẹ́ ti ìwọ̀n ọ̀pá. Fún ti ìkẹyìn yìí, ẹ tú fúláńjì ẹ̀yìn, kí ẹ yí i ní ìlàjì ìyípo, kí ẹ sì dè é padà. Èyí kò ní ba ìlà fọ́ọ̀kì jẹ́, ó sì máa ń tó nígbà mìíràn. Bí kò bá tó, ẹ gbé ọ̀pá náà lọ fún àwọn tó ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, ẹ padà wọ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tún yẹ nọ́ọ̀tì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wò.