Bí o ṣe lè fi pọ́tábù ẹ ṣírò bí òòfà ṣe ń yára tó

Àbúrò mi kan níbí ní Kétu ló bi mí pé tí oòrùn bá ṣàdédé pòórá, ṣé lójú ẹsẹ̀ layé máa já kúrò lọ́nà tó ń tọ̀ àbí ó dìgbà díẹ̀. Ìbéèrè yẹn wù mí gan-an, torí nínú ìṣirò Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ayé àtijọ́, lójú ẹsẹ̀ ni, Einstein, onímọ̀ tó dé lẹ́yìn ẹ̀, ló wá sọ pé rárá o, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yára náà ni òòfà, ìyẹn agbára tí oòrùn fi ń fa ayé mọ́ra, ń yára.

Kọ́kọ́ wá okùn gígùn, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi kànga. Kí ẹnì kan di orí kan mú, kíwọ náà di ìkejì, ẹ má fà á le jù. Ju ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan. Wàá rí ìgbì tó ń rìn lórí okùn, ẹni tó wà lọ́hùn-ún ò ní mọ nǹkan kan títí táá fi dé ọwọ́ ẹ̀. Bí òòfà náà ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ó yá, mú pọ́tábù ẹ. Òòfà ń rin nǹkan bíi 300 000 kílómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (299 792 ni ká sọ ọ́ gan-an), kí táksí tó ṣíná ní gáréjì Àjàṣẹ́, ó ti kọjá Kétu tipẹ́. Oòrùn jìnnà sí wa tó mílíọ̀nù 150 kílómítà, fi 300 000 pín in, 500 ló máa jáde, ìyẹn ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú àáyá 20. Mo sọ fún àbúrò mi pé fún gbogbo àkókò yẹn ayé á ṣì máa yí lọ, ìmọ́lẹ̀ á sì ṣì wà, àfìgbà tí méjèèjì bá dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Báwo la wá ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni? Fara balẹ̀ síbí, ibí ló dùn jù. Ní 17 oṣù kẹjọ 2017, àwọn ẹ̀rọ LIGO ní Amẹ́ríkà gbọ́ ìgbì òòfà látọ̀dọ̀ ìràwọ̀ neutron méjì (òkú ìràwọ̀ ńlá tó ti fún pọ̀ gan-an) tó kọlu ara wọn, ìṣẹ́jú àáyá 1,7 péré lẹ́yìn ẹ̀ ni Fermi, ẹ̀rọ tó ń yí ayé po lókè, rí ìmọ́lẹ̀ gámà wọn, ìmọ́lẹ̀ tó lágbára gan-an tí ojú wa ò lè rí. Ibi tí wọ́n ti wá, nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 130 ni ìmọ́lẹ̀ fi ń rìn débí. Ọdún kan ní nǹkan bíi 31 500 000 ìṣẹ́jú àáyá, sọ ọ́ di ìlọ́po 130 000 000, tí pọ́tábù bá kọ 4,095E15 má bẹ̀rù, 4 095 tó ní òdo 12 lẹ́yìn ni. Nínú gbogbo ìyẹn, ìṣẹ́jú àáyá 1,7 péré ni ìgbì òòfà fi ṣáájú ìmọ́lẹ̀ dé! Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti kọlu ara wọn ni ìmọ́lẹ̀ yẹn ti pẹ́ jáde, tí ò sì pẹ́ rárá lójú ọ̀nà.