Pharaoh: àká kún, ebi ń pa ará ìlú

Nínú Pharaoh (1999), géèmù kọ̀ǹpútà tá a ti ń kọ́ ìlú Íjíbítì àtijọ́, àká mi kún fọ́fọ́, síbẹ̀ ilé ń padà di ahéré torí oúnjẹ kò dé ibẹ̀. Mo fi ọjà kún ọjà, pàbó ló já sí. Oríta ló fà á: bí ọlọ́jà tó ń kiri bá débẹ̀, ibi tó bá wù ú ló ń yà sí.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà àdúgbò yípo, kó ní ẹnu kan ṣoṣo, kọ́jà wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé roadblock (ìdènà ojú ọ̀nà) sẹ́nu náà. Ẹni tó ń lọ ra oúnjẹ lákàá yóò kọjá. Ẹni tó ń kiri yóò yí padà. Àmọ́ ẹ kọ́ ahéré díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àká, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kò ní rí òṣìṣẹ́. Níbi tílẹ̀ bá ti há, ó lè má gbà. Ẹ séèfù kẹ́ ẹ tó wó ọ̀nà. Iná Ifẹ̀ yìí, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n.