Láìmù àti Kọ́sítíìkì Sódà: Bí A Ṣe Ń Dá Wọn Mọ̀ àti Iṣẹ́ Tí A Ń Fi Wọ́n Ṣe

Láìmù àti kọ́sítíìkì sódà jọra lójú. Méjèèjì funfun, méjèèjì lè bó ènìyàn lára, inú ọ̀rá tí a kò kọ nǹkan kan sí lára ni a sì sábà máa ń bá wọn nígbà tí wọ́n bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń fi kóńgò wọn ọjà. Ẹni tí ó ń sin ẹja àrọ̀ ní Ìlawẹ̀, ẹni tí ó ní oko kòkó ní Ẹmùrẹ àti ìyá tí ó ń se ọṣẹ ní Ìkẹ́rẹ́ lè pàdé ní ìsọ̀ kan náà ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, kí olúkúlùkù wọn sì gba ohun funfun kan lọ sílé láìbéèrè orúkọ rẹ̀. Gbogbo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn dá lórí ìwà kan ṣoṣo: láìmù kì í fẹ́ yọ́ nínú omi, ṣùgbọ́n kọ́sítíìkì sódà a máa yọ́ tán pátápátá. Lítà omi kan kò lè yọ́ tó gíráàmù méjì láìmù, bẹ́ẹ̀ ni lítà omi kan náà yóò gba ju kílógíráàmù kan kọ́sítíìkì sódà lọ. Ẹni tí ó bá di èyí mú yóò lè fúnra rẹ̀ mọ èyí tí ó yẹ fún oko àti èyí tí ó yẹ fún ìkòkò ọṣẹ.

Inú òkúta kan pàtó, èyí tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, ni láìmù ti ń wá. Èkìtì kún fún àpáta, ṣùgbọ́n irú àpáta bẹ́ẹ̀ kọ́ ni tiwa. Gránáìtì ni Olósùnta tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́, bí a bá sì fi iná sun irú òkúta bẹ́ẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀, kò ní di láìmù. Ewékorò àti Ṣàgámù ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára ibi tí òkúta láìmù pọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀bàjáná ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Amọ̀ funfun tí àwọn amọ̀kòkò ń lò àti ẹfun tí a fi ń kun ara kì í ṣe láìmù rárá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe dà wọ́n sí oko pẹ̀lú ìrètí pé wọn yóò tún ilẹ̀ ṣe.

Oríṣi láìmù mẹ́ta ni a ń rí rà. Èkíní ni láìmù oko, tí ó jẹ́ òkúta náà gan-an tí a kàn lọ̀ kúnná. Èyí nìkan ni kì í jó ènìyàn. Èkejì ni láìmù sísun. Bí a bá fi iná tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 900 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì sun òkúta náà, afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ yóò jáde lọ, tí 100 kílógíráàmù rẹ̀ yóò fi kù sí nǹkan bí 56. Òùngbẹ omi ni ó máa ń wà lára ohun tí ó kù yìí: bí omi bá kàn án, yóò hó, yóò wú, yóò sì gbóná débi pé ó lè ran igi tàbí koríko gbígbẹ tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ẹni tí ó bá kó o sí abẹ́ òrùlé tí ń jò ní àsìkò òjò ń wá iná sí ilé ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni láìmù tí a ti fi omi pa, ìyẹn láìmù sísun tí ó ti mu omi rẹ̀ tẹ́rùn tí ó sì ti di ìyẹ̀fun. Òun ni èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àpò, ó sì ṣì lè bó awọ ara àti ojú. Bí a bá fi sí gbangba, yóò máa fa afẹ́fẹ́ tí iná lé jáde náà padà díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi di òkúta lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kọ́sítíìkì sódà ní tirẹ̀ kì í di òkúta. Ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ti ń ṣe é, nípa fífi iná mànàmáná ya omi iyọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti wà lọ́dọ̀ wa kí ilé iṣẹ́ tó dé ni omi eérú, tí a ń rí láti inú eérú èèpo kòkó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti odi ẹyìn tí a ti já ẹyìn kúrò lára rẹ̀. Omi eérú kò mú tó kọ́sítíìkì sódà, nítorí pé ohun tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ pọ́táṣì tí ó ṣì gbé afẹ́fẹ́ kan náà tí iná ń lé jáde nínú òkúta láìmù dání. Kán-ún tí a fi ń se ẹ̀wà jẹ́ ìbátan wọn tí ó rọ̀ jù, òun nìkan ni a sì lè dárúkọ nínú ilé ìdáná. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi láìmù tàbí kọ́sítíìkì sódà rọ́pò rẹ̀ nínú oúnjẹ.

Bí àpò kan bá wà nílẹ̀ tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí a má ṣe tọ́ ọ wò, kí a má sì ṣe fi ọwọ́ lásán kàn án. Kí a fi ṣíbí oníke bu ìwọ̀nba díẹ̀ sórí àwo gbígbẹ, kí a gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó fún wákàtí kan tàbí méjì. Kọ́sítíìkì sódà yóò tutù, yóò sì máa lẹ̀, nítorí pé ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Láìmù tí a ti fi omi pa àti láìmù oko yóò gbẹ bí wọ́n ṣe wà. Lẹ́yìn èyí, kí a bu omi tútù sínú ike, kí a sì bu díẹ̀ nínú ohun náà sí i láti òkè. Bí omi bá mọ́ kedere tí ó sì gbóná, kọ́sítíìkì sódà ni. Bí ó bá funfun bí omi ògì, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ láìsí ooru, láìmù ni. Bí ó bá hó tí ó sì wú, láìmù sísun ni. Láti ya láìmù oko sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a ti fi omi pa, kí a kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i: láìmù oko yóò yọ ìfóòfó dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tí a ti fi omi pa kò ní yọ tó bẹ́ẹ̀, àfi bí ó bá ti pẹ́ jù nínú àpò tí ó sì ti ń padà di òkúta.

Iṣẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ láìmù. Nítorí pé kì í yọ́ kíákíá, ibi tí a bá dà á sí ni yóò dúró sí, tí yóò máa pa kíkan ilẹ̀, ìyẹn ásíìdì tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àgbàdo, ẹ̀pà àti ẹ̀wà ni ó máa ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ bìkítà bí ilẹ̀ bá kan, nítorí náà owó ni a ń dà nù bí a bá ra láìmù fún un láìṣe àyẹ̀wò ilẹ̀. Láìmù oko ni kí a lò, kí a fọ́n ọn, kí a sì rò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìgbà tí a ó gbìn. Kí a má ṣe fọ́n ọn pọ̀ mọ́ yúríà tàbí ìgbẹ́ adìẹ lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé yóò lé agbára ajílẹ̀ náà sínú afẹ́fẹ́. Kọ́sítíìkì sódà kò ní iṣẹ́ kankan ní oko, nítorí pé sódà inú rẹ̀ máa ń ba ilẹ̀ jẹ́, ó sì máa ń mú kí amọ̀ dì pọ̀.

Ní ti adágún ẹja tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀, kí a gbẹ omi rẹ̀, kí a sì fọ́n láìmù oko sí ìdí rẹ̀, ní ìwọ̀n 100 sí 200 gíráàmù fún mítà kan ní ìbú àti lóòró. Adágún tí ó jẹ́ mítà 10 sí 20 yóò gba 20 sí 40 kílógíráàmù. Kí a da omi sí i, kí a sì dúró tó ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó kó ẹja sí i. Láìmù tí a ti fi omi pa dára láti fi pa kòkòrò inú adágún tí ó ṣófo, ṣùgbọ́n bí a bá dà á sí ibi tí ẹja wà, ẹja lè kú. Adágún ẹja tí a fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì mọ ní ìṣòro tí ó yàtọ̀: láìmù inú sìmẹ́ńtì tuntun ti pọ̀ jù fún ẹja, kí a kún un lómi kí a sì dà á nù lẹ́ẹ̀mélòó kan kí a tó lò ó.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó ni ọ̀rọ̀ láìmù tún kàn jù, nítorí àrùn tí ń mú èso kòkó dúdú ní àsìkò òjò. Oògùn rẹ̀ tí ó ti pẹ́ ni kọ́pà sọ́fétì aláwọ̀ aró tí a pò mọ́ láìmù. Kọ́pà ni ó ń pa àrùn náà. Iṣẹ́ láìmù ni láti tu kọ́pà lójú kí ó má baà jó ewé, kí ó sì lẹ̀ mọ́ èso kí òjò má tètè wẹ̀ ẹ́ dànù. Fún ẹ̀rọ ìfúnmi alágbèékọ́ tí ó gba lítà 15, kí a yọ́ 150 gíráàmù kọ́pà sọ́fétì sínú ike kan tí omi wà nínú rẹ̀, kí a po 150 gíráàmù láìmù tí a ti fi omi pa sínú ike mìíràn, kí a wá máa da omi kọ́pà sínú omi láìmù bí a ti ń rò ó, kí a sì fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ike ni kí a lò, kì í ṣe garawa onírin. Kí a fi ìṣó tí ó mọ́ bọ inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀: bí ìṣó bá pọ́n, láìmù rẹ̀ kò tó, kí a fi kún un. Ọjọ́ tí a bá pò ó ni kí a fún un tán.

Láìmù tí a ti fi omi pa tún dára fún kíkun ògiri àti ìdí igi, àti fún dídín òórùn ṣáláńgá kù. Kí a má ṣe dà á sínú páìpù omi ìdọ̀tí tí ó dí, nítorí pé yóò dì sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni kọ́sítíìkì sódà ti wúlò, nítorí pé ó máa ń sọ ọ̀rá tí ó dí páìpù di ọṣẹ, omi yóò sì gbé e lọ.

Ọṣẹ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù. Kí a wọn 600 gíráàmù àdín àti 400 gíráàmù epo pupa, kí a wọn 150 gíráàmù kọ́sítíìkì sódà, kí a sì wọn 350 gíráàmù omi. Òṣùwọ̀n gidi ni kí a lò: èmi kò gba kóńgò gbọ́ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé 20 gíráàmù tí ó bá lé lè sọ ọṣẹ di ohun tí ń họ ara. Sódà ni a ń dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀, ní ìta gbangba. A kì í da omi lé sódà lórí, nítorí pé yóò ta sókè sí ojú ẹni. Ike tí ó nípọn tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí a fi ṣe é. Ìkòkò àlúmíníọ̀mù kò ṣeé lò, nítorí pé sódà yóò jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ tí ó sì máa jáde lè gbiná. Nígbà tí omi sódà bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a dà á sínú òróró tí òun náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a máa rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, kí a dà á sínú àpótí, kí a gé e lọ́jọ́ kejì, kí a sì sá a síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Omi eérú kì í mú ọṣẹ le bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ rírọ̀ bí ọṣẹ dúdú ni ó ń ṣe, iná rẹ̀ sì máa ń pẹ́.

Ibi tí ó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, nítorí pé láìmù lè sọ omi eérú di èyí tí ó mú gidi. Kí a kó eérú sínú ajere tí a tẹ́ koríko gbígbẹ sí nídìí, kí a máa bu omi lé e, kí a sì gbé ìkòkò sábẹ́ rẹ̀. Kí a gbé omi tí ó ro kaná nínú ìkòkò irin. Kí a po láìmù tí a ti fi omi pa bí ògì, kí a máa bù ú sí i ní ìwọ̀nba bí a ti ń rò ó. Láìmù yóò gba afẹ́fẹ́ inú pọ́táṣì, yóò padà di òkúta kíkúnná, yóò sì sílẹ̀. Kí a bu díẹ̀ nínú omi tí ó tòrò lójú rẹ̀, kí ó tutù, kí a kán an sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́: bí ó bá ṣì ń yọ ìfóòfó, láìmù kò tíì tó. Bí kò bá yọ mọ́, kí a jẹ́ kí ó sílẹ̀ di òwúrọ̀, kí a sì rọra da èyí tí ó tòrò sọ́tọ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tí ó kù, bí a bá fi omi ṣàn án dáadáa, ti di láìmù oko. Láti ìgbà náà lọ, ọwọ́ tí a fi ń mú kọ́sítíìkì sódà ni kí a fi mú omi eérú yìí: ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti gíláàsì tí ó bo ojú.

Bí ìyẹ̀fun èyíkéyìí nínú wọn bá dà sí ara, kí a kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n nù ní gbígbẹ, kí a bọ́ aṣọ tí ó kàn, kí a wá fi omi tí ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Kí a má ṣe fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan pa á. Bí ó bá jẹ́ ojú ni, omi kan náà ni kí a máa dà sí i, lẹ́yìn náà kí a lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, irú èyí tí ó wà ní Adó tàbí ní Ìdó-Èkìtì. Láìmù a máa há sábẹ́ ìpéǹpéjú, dókítà ni yóò sì yọ ọ́. Bí ọmọdé bá gbé omi sódà mì, kí a má ṣe fún un ní epo pupa, kí a má sì ṣe mú kí ó bì, nítorí pé ohun tí ó jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ nígbà tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ yóò tún jó o nígbà tí ó bá ń padà bọ̀. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ìgò mínírà àti ìgò omi mímu ni wọ́n sábà máa ń fi omi sódà pamọ́ sí nínú ilé. Kí a dáwọ́ èyí dúró, kí a lo ike tí ó ní ìdérí líle, kí a kọ orúkọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí i lára gàdàgbà, kí a sì tì í mọ́ inú yàrá.